Ẹ Gbálẹ̀ Kí Oríire Tó Dé

Kò sí orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ ọ̀run tí kì í wá ojú rere àkókò tuntun. Bí ọdún bá ń yípo, olúkúlùkù ènìyàn a máa fẹ́ kí ibi ọdún àná bá ọdún àná lọ, kí ire tuntun sì wọlé wá. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará Ṣáínà ní àṣà kan tí àwa rò pé ó yẹ kí ará Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, gbé yẹ̀wò dáadáa lọ́dọọdún kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Ọdún Ìgbà Ìrúwé ni wọ́n ń pe ọdún tuntun wọn. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà ó lè bọ́ sí ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sì lè bọ́ sínú oṣù Èrèlé. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọn a gbá gbogbo kọ̀rọ̀ ilé, ẹni tí ó jẹ gbèsè a sapá láti san án, àwọn tí wọ́n ń jà a sì parí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti wọlé, wọn a gbé ìgbálẹ̀ pamọ́, kí wọn má baà gbá oríire tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jáde. Wọn a lẹ ìwé pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn a sì fi owó sínú àpò ìwé pupa fún àwọn ọmọdé. Àwọn mìíràn a dorí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí oríire kodò lára ilẹ̀kùn, nítorí pé ní èdè wọn, “ó dorí kodò” àti “ó ti dé” jọra létí. Wọn a sì gbé ẹja kalẹ̀ níbi oúnjẹ, nítorí pé orúkọ ẹja àti ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àṣẹ́kù jọra pẹ̀lú.

Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ṣé kì í ṣe nítorí kí ènìyàn lè gbó ni a fi ń fi orógbó súre? Ṣé kì í ṣe nítorí kí ó lè bi ibi dànù ni a fi ń mú obì jáde? Àwọn àgbà wa kò sì jẹ́ kí a gbálẹ̀ lóru, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń gbá ọrọ̀ ilé rẹ̀ sọnù ni. Ọ̀nà jìn láàárín Ṣáínà àti ilẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ èrò ọkàn ọmọ ènìyàn kò jìn síra.

Ní ọdún 1967, nígbà rúkèrúdò Ìyípadà Àṣà, ìjọba Ṣáínà fagi lé ìsinmi ọdún yìí, wọ́n ní ohun àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣà náà kò kú. Nígbà tí ó di ọdún 1980, ìsinmi náà ti padà sí àyè rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ ọdún náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ohun kan wà nínú àṣà náà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Ní ayé àtijọ́, bí ìgbà ìrúwé bá ń wọlé, àwọn ará Ṣáínà a fi amọ̀ mọ ère màlúù, wọn a sì fi pàṣán nà án, láti fi kéde pé àkókò àti ro oko ti tó. Èyí fi hàn pé ẹni tí ń tọrọ ire kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán. Bákan náà ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Nígbà ọdún Èdì ní Ilé-Ifẹ̀, ẹnìkan ni ó máa ń ru ẹrù ibi ìlú lọ sínú igbó, kí ìlú tó lè yọ̀. Kíkó ibi jáde ni ó ń ṣáájú gbígba ire wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà wá sí Alímọ̀ṣọ́. Ìtàn àwọn Àwórì, tí wọ́n tẹ ilẹ̀ yìí dó, sọ pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo lé orí omi, ó sì ń tẹ̀ lé e títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrì. Ibẹ̀ ni ó gbà pé ire òun wà. Omi tí ó júwe ọ̀nà fún àwọn baba ńlá wa lọ́jọ́ náà ni ó ń wọ yàrá ọmọ wọn lónìí bí òjò bá pọ̀. Kí ni ó fà á? Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ilé ti gba àyè oko, ọ̀rá àti ike omi sì ti gba àyè omi nínú gọ́tà. Ará Ìgàndó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn àkìtàn Solous fún òun, nítorí òórùn rẹ̀ ń ròyìn ara rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún, ilé ìsìn a kún dẹ́nu, àdúrà a sì dùn létí. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà. Ohun tí àwa ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ń pe àlejò pàtàkì tí kì í kọ́kọ́ gbálẹ̀ dè é. Kí ni oríire yóò wá jókòó lé ní àdúgbò tí ẹrẹ̀ dúdú ti dí ẹnu ọ̀nà, tí ẹ̀fọn sì ń kọrin lórí ibùsùn ọmọ titun?

Ìmọ̀ràn wa kò le. Kí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan lọ́dọọdún, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, láti kó gọ́tà wọn. Kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ náà lọ pátápátá, nítorí ẹrẹ̀ tí a kó sí bèbè gọ́tà yóò tún bá òjò wọlé. Kí oníṣòwò má fi ilẹ̀ ojú ìsọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Àwọn ìjọba náà ní ipa tiwọn: kí ọkọ̀ akólẹ̀ máa wá ní ọjọ́ tí a dá, kí a sì la ojú àgbàrá tí ó tóbi ju agbára òpópónà kan lọ. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ìgbálẹ̀ kò wọ́n lọ́jà. Kí àkọ́rọ̀ bá wa láyọ̀, kí ire rẹ̀ sì bá ilé mímọ́. Àṣẹ.