Rọ́bà ìtọ̀ tó pẹ́ lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prọ́sítéètì: ohun tó yẹ kí ọkùnrin àti ará ilé rẹ̀ mọ̀

Nínú bọ́ọ̀sì BRT tó ń gbé èrò láti Mile 12 lọ sí CMS, kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ọkùnrin tó de ọ̀rá ìtọ̀ mọ́ itan lábẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Òun náà kò ní í sọ. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ prọ́sítéètì fún un, wọ́n ní kí ó máa gbé rọ́bà náà káàkiri fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ mélòó kan di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, kò sì mọ ẹni tí yóò bi léèrè mọ́. Òmíràn kò lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, òmíràn sì ti pa ìsọ̀ rẹ̀ tì nínú ọjà nítorí ìbẹ̀rù pé òun lè máa rùn. Rọ́bà yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kátítà, kì í ṣe àmì pé ayé ẹni ti parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbàgbé sára pẹ̀lú. Ó ní ìdí tí wọ́n fi fi síbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́ tàbí tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ méjèèjì ni ewu wà fún jù.

Prọ́sítéètì ni ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lábẹ́ ilé ìtọ̀ ọkùnrin. Ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde la àárín rẹ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí okùn ṣe ń la àárín ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, ẹ̀yà ara náà a máa tóbi sí i, a sì máa fún ojú ọ̀nà náà pọ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 51 sí 60 ni tiwọn ti tóbi. Nígbà tí wọ́n bá fi kọjá ọdún 80, iye náà lè tó 90 nínú 100. Prọ́sítéètì tó tóbi báyìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀san ìwà tí onítọ̀hún hù nígbà èwe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń da àgbo àtọ̀sí lé e lórí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2024, ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde fún gbogbo ayé pé Ọba Charles yóò gba ìtọ́jú nítorí prọ́sítéètì tó tóbi, ó sì hàn gbangba pé ọba fẹ́ kí àwọn ọkùnrin yòókù torí bẹ́ẹ̀ lọ yẹ ara wọn wò. Jẹjẹrẹ tí wọ́n kéde lẹ́yìn náà pé wọ́n rí lára rẹ̀ kì í ṣe ti prọ́sítéètì. Bí ọba bá lè sọ ọ́ ní gbangba, ìtìjú wo ló kù fún oníṣòwò Ìkòsì?

Bí oògùn kò bá ràn án mọ́, tàbí tí ìtọ̀ bá há pátápátá, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Dókítà lè gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé kí ó máa fá ohun tó dí i kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sì lè la ìsàlẹ̀ ikùn bí ẹran náà bá tóbi jù. Èyí tó wù kí ó ṣe, ẹ̀jẹ̀ yóò wà, ojú ọgbẹ́ yóò sì wú. Rọ́bà ni yóò máa gbé ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ náà jáde kí ó má baà dì sínú. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, rọ́bà náà kì í sábà pẹ́ ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ti èkejì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ohun èlò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1752, Benjamin Franklin, àgbà òṣèlú àti onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, jẹ́ kí wọ́n fi fàdákà ṣe ọ̀kan tó ṣeé tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, John, tí òkúta ń yọ lẹ́nu nínú ilé ìtọ̀. Èyí tó wà lóde báyìí ń jẹ́ orúkọ dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Frederic Foley, ẹni tó ṣiṣẹ́ lé e lórí láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ohun tó mú tirẹ̀ yàtọ̀ ni bàlúùnù kékeré tó wà ní orí rẹ̀. Bí rọ́bà bá ti wọ inú ilé ìtọ̀ tán, wọn yóò fi omi kún bàlúùnù náà, kò sì ní í lè yọ jáde mọ́. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ fà á. Ẹni tó bá fi agbára fa rọ́bà tí omi ṣì wà nínú bàlúùnù rẹ̀ yóò fa ojú ọ̀nà ìtọ̀ ara rẹ̀ ya, àpá tí ìyẹn yóò sì fi sílẹ̀ lè tún ọ̀nà náà dí.

Kí ló wá dé tí rọ́bà fi ń pẹ́ lára ẹlòmíràn nígbà tí iṣẹ́ abẹ ti tán? Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí wíwú ojú ọgbẹ́ ló fà á, èyí sì máa ń lọ. Nígbà mìíràn, ó ku díẹ̀ nínú ẹran tó dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn ni pé ilé ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ wo alábàárù tó ń ti ọmọlanke ẹrù nínú ẹrẹ̀ ọjà Mile 12. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá rẹ̀ a máa le sí i. Bí ó bá ń tì í bẹ́ẹ̀ láìsinmi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí apá náà kò ní í gbé e mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ilé ìtọ̀ ṣe ń ti ìtọ̀ gba ọ̀nà tó ti fún. Ọkùnrin tó fi ọdún márùn-ún dìde lóru nígbà mẹ́rin-márùn-ún, tó ń sọ pé àgbà ló dé, lè ti lo iṣan náà tán kí ó tó dé iwájú dókítà. Iṣẹ́ abẹ la ọ̀nà, ṣùgbọ́n agbára láti ti ìtọ̀ jáde kò tíì padà. Ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn rọpárọsẹ̀ náà lè ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láàárín ọpọlọ àti ilé ìtọ̀ jẹ́. Fún irú ẹni báyìí, rọ́bà tó pẹ́ díẹ̀ lè jẹ́ ìsinmi fún ilé ìtọ̀. Kì í wá túmọ̀ sí pé dókítà ṣi iṣẹ́ ṣe.

Nítorí náà, kí onítọ̀hún tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ó béèrè: irú rọ́bà wo ni èyí, ọjọ́ wo ni wọ́n fi sí i, ọjọ́ wo ni kí òun padà wá? Kí ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Irú rọ́bà kan wà tí kò yẹ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lára, òmíràn tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe sì lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Èyí tó bá kọjá ọjọ́ rẹ̀, iyọ̀ inú ìtọ̀ á dì mọ́ ọn bí èédú ṣe ń dì mọ́ ìdí ìkòkò, á dí, yíyọ rẹ̀ á sì di ìrora. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gbàgadà sún mọ́ ará Kétu àti Ògùdù. Àwọn dókítà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìtọ̀ nìkan wà ní LASUTH ní Ìkẹjà àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó wà nínú ètò Ìlera Èkó kí ó béèrè ohun tí ètò náà lè san fún òun. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn máa dúró de owó láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ ti kọjá.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò le. Omi mímu ló ṣáájú. Bí dókítà kò bá dín in kù nítorí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, lítà kan àbọ̀ sí méjì lójúmọ́ ló yẹ, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà. Àwọn tó ń dín omi kù kí ọ̀rá má baà kún ń ṣe ara wọn ní ibi, nítorí ìtọ̀ tó ki ló ń yára dí rọ́bà. Kí ọ̀rá náà máa wà nísàlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, kí ìtọ̀ má baà ṣàn padà, ṣùgbọ́n kí ó má kan ilẹ̀. Kí wọ́n dà á nù kí ó tó kún, kí ẹni tó fẹ́ dà á sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọṣẹ àti omi lásán tó láti fi wẹ ibi tí rọ́bà ti wọlé lójoojúmọ́. Dettol àti ẹ̀mí kò pọn dandan, wọ́n tilẹ̀ lè bó awọ. Kí ènìyàn máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, nítorí ìgbẹ́ tó le nínú a máa tẹ rọ́bà pa.

Omi mímọ́ kì í sí ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, tí Odò Ògùn kún bo Agílíítì àti Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú omi tí wọ́n sé sí Ọ̀yán sílẹ̀, omi tó wọ ilé àwọn ènìyàn dàpọ̀ mọ́ ti ṣáláńgá. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé rọ́bà kò gbọdọ̀ wọ inú àgbàrá débi tí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi rì. Kí àwọn ará ilé tètè gbé e lọ sí ibi tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Bí rọ́bà bá ti tó nǹkan bí oṣù kan lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí wọn kò ní í rí kòkòrò nínú ìtọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí nìkan kì í ṣe àìsàn. Sísáré lọ sí kẹ́míìsì lọ ra kápúsù nítorí pé ìtọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ kàn ń kọ́ àwọn kòkòrò náà bí wọn yóò ṣe máa borí oògùn ni. Ṣùgbọ́n bí ibà àti òtútù bá gbé e, tí ìdí kíndìnrín ń dùn ún, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde, tàbí tí ìtọ̀ kò sọ̀kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan tí ìsàlẹ̀ ikùn sì le, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ìtọ̀ díẹ̀ tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà pẹ̀lú ìrora tó ń wá tó ń lọ sábà máa ń jẹ́ pé ilé ìtọ̀ ń fún ara rẹ̀. Oògùn wà fún un. Bí rọ́bà bá yọ fúnra rẹ̀, kí wọ́n má tì í padà sílé.

Fífi nǹkan pamọ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Lloyd Austin, tó jẹ́ olórí ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí jẹjẹrẹ prọ́sítéètì. Àkóràn ìtọ̀ wà lára ohun tó gbé e padà sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ọjọ́ sì gorí ọjọ́ kí ààrẹ tó yàn án tó gbọ́. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Nínú ilé, ìyàwó ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe nítorí pé òun ni yóò máa da ìtọ̀ nù, bí kò ṣe pé òun ni yóò rí i bí ara ọkọ rẹ̀ bá gbóná lóru. Ní ti ìrun kíkí, ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi àyè ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró; kí ó bi àáfà rẹ̀ bí yóò ṣe máa ṣe àlùwàlá. Ṣòkòtò tó fẹ̀ tàbí agbádá bo ọ̀rá náà mọ́lẹ̀, ọ̀rá tí kò jò kì í sì í rùn.

Ọjọ́ ìdánwò ni ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́. Àárọ̀ ni ó dára jù, kí ènìyàn lè mu omi, kí ó tọ̀, kí wọ́n sì wo iye tó ṣẹ́kù nínú. Dókítà lè fún un ní oògùn tó ń dẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Kí ó yàgò fún ọtí àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ń ṣí imú, nítorí wọ́n lè mú kí ìtọ̀ há. Bí kò bá yege ní ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n lè dá a padà kí wọ́n tún dán an wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, ọ̀nà méjì wà tó lè sàn ju rọ́bà ojú nǹkan ọkùnrin lọ. Wọ́n lè gba ìsàlẹ̀ ikùn fi rọ́bà sí ilé ìtọ̀. Wọ́n sì lè kọ́ onítọ̀hún láti máa fi rọ́bà tín-ínrín tó mọ́ tọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà mélòó kan lójúmọ́, kí ó sì yọ ọ́ padà. Dókítà Jack Lapides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan ló fi hàn ní ọdún 1972 pé ọ̀nà yìí kò léwu. Ó ń bani lẹ́rù láti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kò gbé ọ̀rá kankan kiri mọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí rọ́bà bá kúrò, ìtọ̀ lè máa kán sára. Kí ó máa fún iṣan ìdí pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kí ó kà dé márùn-ún, kí ó tú u, ní ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí ìtọ̀ bá ń ṣàn dáadáa tẹ́lẹ̀ tó wá ń tín-ínrín sí i lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ó ṣeé ṣe kí àpá ti ń fún ọ̀nà náà pọ̀. Kí ó padà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí ó tó tún há.