Òjìji Ni Ó Ń Fi Àwọn Òkè Òṣùpá Hàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òru òṣùpá àrànmọ́jú ni ó dára jù lọ láti wo ojú òṣùpá fínnífínní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òru náà, oòrùn a máa ràn sí i ní tààràtà, òjìji a pòórá, òkè àti kòtò rẹ̀ a sì dà bí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Láti nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹsàn-án tí òṣùpá bá lé ni kí a wò ó, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà. Níbẹ̀ ni òjìji àwọn òkè máa ń gùn gbọọrọ, bí òjìji ọ̀pẹ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ààlà yìí ni Galileo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, tẹjú mọ́ ní ọdún 1609. Ó fi awò awọ̀nàjíjìn, èyí tí ó ń mú ohun òkèèrè dà bí ẹni pé ó wà nítòsí, wo òṣùpá. Ó rí ààmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké nínú apá tí ó ṣókùnkùn. Ó ronú títí, ó sì mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n, tí oòrùn kọ́kọ́ kàn kí ó tó kan pẹ̀tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí ní ayé wa ní òwúrọ̀. Ó wọn bí wọ́n ti jìnnà sí ààlà náà, ó sì fi ìṣirò wá gíga wọn. Lónìí, a mọ̀ pé òkè Huygens inú òṣùpá ga ju 5,000 mítà lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Kilimanjaro ilẹ̀ Áfíríkà. Kòtò Copernicus fẹ̀ tó 93 kìlómítà. Òkúta ràbàtà tí ó já lu òṣùpá láti òfuurufú ni ó gbẹ́ ẹ.

Ní 1840, John William Draper ya fọ́tò òṣùpá ní New York. Ní 1959, Luna 3, ọkọ̀ òfuurufú Rọ́ṣíà, ya ẹ̀yìn òṣùpá tí ojú ènìyàn kò tíì rí rí. Àwọn tí ó wò ó ni ó sì ń sọ ibẹ̀ lórúkọ: púpọ̀ nínú orúkọ tí àlùfáà Riccioli fún àwọn kòtò náà ní 1651 ni gbogbo ayé ṣì ń pè.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ni ó dá wa dúró? Nítorí pé ilẹ̀ wa súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, òṣùpá a máa gòkè ré kọjá lókè wa gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ tí ń ba ìríran jẹ́ kò nípọn púpọ̀. Awò kékeré kan tó. Ẹ gbé e lé orí ohun tí kò mì, ẹ fi ojú kámẹ́rà fóònù ti ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ àwòrán kù kí ojú òṣùpá má baà funfun báláú. Kí àwọn ọmọ ya ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, kí wọ́n sì fi òjìji ti alẹ́ kan wé ti èkejì. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí òjìji náà bí ó ti ń kúrú kì yóò tún gba ìmọ̀ yìí bí ìtàn ilẹ̀ òkèèrè mọ́.