Ìfun Àtọwọ́dá

Ìwọ tí o ń gbé ní etíkun Àgbádárìgì, òkun àti ọ̀sà yí ọ ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi ni ó ṣeé mu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ẹnu ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé. Inú ìfun ni ó ti ń ṣọṣẹ́.

Báwo ni a ṣe lè mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe nínú ìfun? A kò lè la ikùn ọmọ ọlọ́mọ wò, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní kòkòrò àrùn mu nítorí ìwádìí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ṣe ìfun àtọwọ́dá. Oríṣi mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò.

Èkíní jẹ́ ti ìkòkò. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, so ìkòkò márùn-ún pọ̀, kí oúnjẹ lè máa ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Wọ́n mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, wọ́n sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì fi kòkòrò inú ìgbẹ́ ènìyàn sí i. Kòkòrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹran ara.

Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a sìn nínú àwo. A ó da kòkòrò lé e, a ó sì wò ó bóyá yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà yìí wúlò nínú ìwádìí tí Iruka Okeke, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 lórí kòkòrò *E. coli* lára àwọn ọmọdé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Irú kan nínú kòkòrò yìí a máa tò léra bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò.

Ẹ̀kẹta pa méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, tẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun sínú ohun èlò kékeré kan tí ó ń nà, tí ó sì ń sún kì, bí ìfun gan-an. Wọ́n wá fi kòkòrò rere kan sí i, ìbátan èyí tí ń mú ògì wa kan.

Síbẹ̀, ìfun àtọwọ́dá kì í ṣe odidi ènìyàn. Ebi kì í pa á, inú kì í run ún. Nítorí náà, ohun tí a bá rí nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò lára ènìyàn kí a tó fi ṣe òògùn. Kí òògùn náà tó dé, se omi rẹ kí o tó mu ún, sì fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun.