Ṣé O Mọ̀ Pé Láptọ́ọ̀pù Tó Kọ̀ Tí Kò Wá Sókè Kò Tíì Kú?

Ṣé o mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù lè dákú lẹ́yìn ọ́pùgíréèdì, kí fáìlì inú rẹ̀ sì ṣì pé pérépéré? Ní Ore ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bíi níbòmíràn, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni "fọ́ọ̀màtì ni." Ìkánjú ni. Bó bá jẹ́ Linux ló wà lórí ẹ̀rọ náà, irú bíi Ubuntu tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, inú fódà /boot, /usr àti /etc ni ọ́pùgíréèdì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Inú /home ni pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́, fọ́tò ìgbéyàwó àti ìwé JAMB àwọn oníbàárà wà, ọ́pùgíréèdì kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Fọ́ọ̀màtì ló ń pa wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé iná tó lọ burú ju nẹ́tíwọ̀kì tó lọ? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, nẹ́tíwọ̀kì sì di ìṣòro ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Kódà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe ọ́pùgíréèdì Ubuntu lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀, torí apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń kó ètò wọlé, máa ń kó gbogbo ẹrù wálé tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já nígbà tó ń kó ẹrù, kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Ìgbà tó ń tú u ni ewu wà. Ọ̀rọ̀ iná sì rèé, ará gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò olùkọ́ lórí ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì ṣe iná mànàmáná wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, kò jìnnà sí Ore, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú lágbègbè náà ló lo ọdún gbọọrọ láìrí iná. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, kí epo tán láàárín iṣẹ́! Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Linux kì í ju kernel àtijọ́ nù lọ́jọ́ tí tuntun dé? Kernel ni ọkàn ètò náà. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Helsinki lọ́dún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Awakọ̀ tó bá mọ ọ̀nà Ore sí Benin kò ní gbéra láìsí táyà sípíà, kernel àtijọ́ sì ni sípíà tìrẹ. Bí ẹ̀rọ rẹ bá kọ̀ lẹ́yìn ọ́pùgíréèdì, tàn án, kí o di bọ́tìnì Shift mú. Lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun, Esc ni wàá tẹ̀. Ojú dúdú kan á yọ, GRUB ni wọ́n ń pè é. Fi ọfà sọ̀kalẹ̀ dé Advanced options for Ubuntu, tẹ Enter. Wàá rí nọ́ńbà àwọn kernel tó wà lórí ẹ̀rọ náà, tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí wọ́n kọ recovery mode sí lára. Mú àtijọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Bí kò bá parí, padà wá mú recovery mode. Àwọn ohun tí wàá rí níbẹ̀ ni clean, dpkg, fsck, grub, network, root àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mú dpkg, irinṣẹ́ tó ń tú ẹrù tó sì ń tò ó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé dpkg mọ ibi tó ti bá iṣẹ́ dé kí iná tó lọ. Ó ń kọ ipò ẹrù kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì /var/lib/dpkg/status: èyí tó ti tò tán, èyí tó tú tí kò tíì tò, èyí tó ń tò lọ́wọ́ tí nǹkan fi dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é á yan root, á tẹ mount -o remount,rw / kí díìsì lè gba ìkọ̀wé, lẹ́yìn náà á tẹ dpkg --configure -a. Á máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí.

Ṣé o mọ̀ pé àìsí àyè lásán lè ba ọ́pùgíréèdì jẹ́? Kernel àtijọ́ tó pọ̀ jù ló ń kún /boot. Tẹ df -h /boot kí o lè rí àyè tó kù kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí fún ẹ̀rọ tó wà lórí Mars? Ní oṣù Kíní ọdún 2004, Spirit, ọkọ̀ tí NASA fi ránṣẹ́ síbẹ̀, kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe Linux ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ àìsàn náà jọra: fáìlì ti pọ̀ jù nínú ìrántí fíláàṣì rẹ̀, bó bá ti jí, á tún kú, á tún jí. Àwọn ẹnjiníà pàṣẹ fún un láti ayé níbí pé kó jí láìfọwọ́ kan fíláàṣì rárá, wọ́n sì rí àyè pa àwọn fáìlì náà rẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ Mars ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2010.

Ọgbọ́n kan náà ni fíláàṣì USB tí wọ́n kó Ubuntu sí. Á gbé ẹ̀rọ dìde láìkan díìsì inú rẹ̀, wàá yan Try Ubuntu, wàá kó fáìlì rẹ jáde, lẹ́yìn náà ni wàá wá ronú kan grub-install, àṣẹ tó ń tún GRUB gbé kalẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù Android tó wà lọ́wọ́ àgbèrò ní gáréèjì Ore, kernel Linux ló wà nínú òun náà? Láti Android 7.0 lọ́dún 2016, àwọn fóònù kan ti ní àyè méjì. Inú èkejì ni wọ́n ń kó ètò tuntun sí nígbà tí o ń bá WhatsApp lọ. Bí tuntun bá kọ̀, fóònù á padà sí ti tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ubuntu orí láptọ́ọ̀pù wa kì í wá pẹ̀lú ìyẹn. Nítorí náà, ṣe fíláàṣì Ubuntu náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, torí kọ̀ǹpútà tó ti dákú kò lè bá ọ ṣe é.