Ọ̀rá Nínú Oúnjẹ Àkùkọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí àgbébọ̀ adìẹ bá sàba lé ẹyin mẹ́wàá, tí ó sì jẹ́ pé òròmọdìẹ mẹ́ta péré ni ó kó jáde, òun ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa á jẹ, ẹ wo ẹyin náà. Ní ọjọ́ keje ìsàba, ẹ gbé e sí iwájú iná tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Èyí tí iṣan pupa wà nínú rẹ̀ ní ọmọ; èyí tí ó mọ́ gaara kò ní. Bí gaara bá pọ̀, ẹ yẹ àkùkọ wò. Bóyá ó ti darúgbó, tàbí abo tí ẹ fún un ju mẹ́wàá lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé kí ẹran lè sanra nìkan ni ọ̀rá wà fún. Ní ọdún 1929, George Burr àti Mildred ìyàwó rẹ̀, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, fi oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá bọ́ eku. Awọ wọn sé èépá, wọn kò sì dàgbà dáadáa mọ́. Ní 1934, Herbert Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ a máa sọ akọ eku di aláìlèbímọ. Ohun tí ó wọ́n wọn ni linoleic acid, èròjà ọ̀rá kan tí ara kò lè dá ṣe. Adìẹ pàápàá kò lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń lò ó láti ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo irúgbìn inú àtọ̀. Bí kò bá tó, kórópọ̀n àkùkọ a kéré, agbára àtọ̀ rẹ̀ a sì dín kù.

Àkùkọ tí ó ń rìn kiri oko, tí ó ń ṣa kòkòrò àti hóró ọkà jẹ, kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ti inú àgò tí ó ń jẹ èépo ẹ̀gẹ́ ṣáá ni kí ẹ ṣọ́, nítorí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rá rárá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Bí ìdajì oúnjẹ rẹ̀ bá jẹ́ àgbàdo lódidi, ó tó. Inú ojú tí àgbàdo fi ń hù ni epo rẹ̀ pọ̀ sí, nítorí náà ẹ má ṣe da eèrí ògì nù. Ẹ̀pà díẹ̀ dára pẹ̀lú, àfi èyí tí ó bá bu. Àdín kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Epo tí ó ti kan burú jù, nítorí ó ń ba fítámì E inú oúnjẹ jẹ́.

Ẹ má retí àyípadà lọ́la. Irúgbìn inú àtọ̀ a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbó, abo adìẹ sì lè tọ́jú ti àtijọ́ sínú ara fún bí ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, ẹ tún gbé ẹyin sí iwájú iná, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.