Ìṣó Bàtà Ẹṣin, Òjé, àti Ọrùn Ọmọ Wa

Ẹni tó bá ti rí ère Ẹpa agbègbè Ọ̀sì àti Ìlọ́fà, àgàgà èyí tí Aréògún ará Ọ̀sì (ó kú ní 1954) gbẹ́, á mọ jagunjagun orí ẹṣin dáadáa. Ẹ má wulẹ̀ wá bàtà irin lẹ́sẹ̀ ẹṣin yẹn: láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹṣin ilẹ̀ wa kì í wọ̀ ọ́. Àjèjì ni ìṣó tí wọ́n fi ń kan bàtà náà mọ́ pátákò. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọnà òkè òkun ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọrùn, òrùka àti àgbélébùú. Ṣé alágbẹ̀dẹ tiwa náà lè ṣe é? Ó lè ṣe é dáadáa, àmọ́ ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀.

Kí ló mú ìṣó yìí yẹ fún ọ̀ṣọ́? Irin rẹ̀ rọ̀. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó má ṣẹ́. Orí rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dùn ún wò.

Ọ̀nà wo la ó gbà so ó pọ̀? Bí alágbẹ̀dẹ bá fi í sínú iná ẹwìrì títí á fi fẹ́ máa ta pàrà, kó tó gbé e sórí owú, nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ á ti jó dànù. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lo òjé tá a pò mọ́ tin. Irin kì í yọ́ àfi tí iná bá tó 1,538°C; àdàlù òjé àti tin ń yọ́ ní bíi 190°C péré. Irin ò yọ́ rárá. Òjé ló ń ṣàn wọ àárín ìṣó méjì, bí omi ṣe ń wọ aṣọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò kó dán. Ẹ fi flux pa á, torí òjé kì í lẹ̀ mọ́ irin tó dọ̀tí. Ìṣó ni kẹ́ ẹ fi iná sí, kì í ṣe òjé. Tí ìṣó bá gbóná tó, òun fúnra rẹ̀ á yọ́ òjé. Tó bá tutù, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí flux tó bá ṣẹ́ kù á jẹ irin.

Ìkìlọ̀ náà rèé. Òòṣà Ọbàtálá làwọn bàbá wa ń tìtorí rẹ̀ wọ ẹ̀gbà òjé, a ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í wọ ẹ̀gbà lásán, ó máa ń fi í sẹ́nu! Òjé tó wọ inú ọmọ á ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọ tó lé ní 400. Nítorí náà, ẹ ra èyí tí kò ní òjé nínú: tin, fàdákà díẹ̀ àti bàbà díẹ̀. Kò yọ́ títí iná á fi tó bíi 220°C, ó sì wọ́n díẹ̀ sí i. Kò sí nǹkan míì.

Bándélé ọmọ Aréògún ló kọ́ Lamidi Fakẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọwọ́ ọ̀gá lọmọ iṣẹ́ ń wò. Bí ọ̀gá bá ní kò séwu, ohun tí ọmọ iṣẹ́ náà á sọ fún tirẹ̀ nìyẹn.