Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ọ̀dọ́langba

Ọ̀dọ́langba ni ẹni tó ti kúrò lọ́mọdé ṣùgbọ́n tí kò tí ì di àgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà rẹ̀ sí ọdún 10 sí 19, àsìkò tí ìbàlágà ń dé, tí ohùn ọkùnrin ń ki, tí obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì ń wọ ọmọ létí ju ọ̀rọ̀ òbí lọ. Èrò ọ̀pọ̀ òbí ni pé àìmọ̀ ló ń ti ọmọ tó wà ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ sínú ewu, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá pe ọmọ ọdún 16 sí kọ̀rọ̀, tí a bi í léèrè ohun tí igbó mímu tàbí ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù lè fà, yóò kà á bí ẹni ka ABD. Ọmọ mọ ewu. Àsìkò tó yẹ kí ó lo ìmọ̀ náà ni ìmọ̀ ń fò lọ.

Inú ọpọlọ ni ìdí rẹ̀ wà. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí, èyí tó ń bá ènìyàn wo àbájáde ìwà kí ó tó hu ú, tó sì ń kó ìfẹ́-ọkàn níjàánu, ló máa ń gbó kẹ́yìn, kì í sì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi súnmọ́ ọdún 25. Apá tó ń wá adùn, ìyìn àti ohun tuntun kì í dúró dè é. Ó ti jí kalẹ̀ láti ìgbà ìbàlágà. Àwọn àgbà tó sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kò jìnnà sí èyí.

Ní ọdún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Temple ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, gbé èsì ìwádìí kan jáde tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí ju ìwàásù lọ. Ènìyàn 306 ni wọ́n kó jọ, láti ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 22, títí dé àwọn tó ti pé ọdún 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n wa ọkọ̀ nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà, níbi tí awakọ̀ ti ní láti pinnu ìgbà tó yẹ kí ó dúró kí iná ojú títì tó di pupa. Àwọn kan dá ṣe é, àwọn kan ṣe é níṣojú ẹgbẹ́ wọn méjì. Níṣojú ẹgbẹ́, ewu tí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 kó ara wọn sí pọ̀ sí i gan-an, ṣùgbọ́n ìṣesí àwọn àgbà kò yí padà. Nígbà tí Jason Chein, Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé apá ọpọlọ tó ń wá adùn a máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan nínú ọ̀dọ́langba tó bá mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń wo òun láti yàrá kejì. Ọmọ tó ń kàwé jẹ́ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀ àti ọmọ tó wà láàárín ọ̀rẹ́ mẹ́rin kì í fi gbogbo ara jẹ́ ẹnì kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí tí Àjọ Oníṣirò Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òògùn olóró, tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fi hàn pé nínú ènìyàn 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó lé ní 14 tó ti lo òògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn; ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wà, ó lé ní 22, kò sì sí ẹkùn tó tó o. Ní oṣù Karùn-ún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé òògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú, ìyẹn èròjà apàrora tó tètè ń di bárakú, tí ẹni tó ti mọ́ lára kò fi ní lè ṣe láìlò ó. Òfin náà dára, àmọ́ òfin kì í jókòó ti ọmọ níbi àríyá. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń po àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà, tí wọ́n ń da òògùn apàrora tó ń jẹ́ tramadol, igbó àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀ sí. Ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́, ẹ̀yìn kíláàsì àti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni irú ife bẹ́ẹ̀ ti ń kan ọmọ lọ́wọ́, níbi tí ojú pọ̀ sí.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Òwe náà gbé ọmọlúàbí níyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ìrírí tí yóò fi parí ọ̀rọ̀ náà ló ń bá wí. Ìyá tó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù pé bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn án lásán yóò lóyún, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, àbọ̀ tí kì í tilẹ̀ í ṣe òótọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ àti fóònù ni yóò bá a fi èyí tó kù kún un. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá sì bọ ọkùnrin lọ́wọ́ tí kò lóyún, gbogbo ìkìlọ̀ yòókù, àwọn tó jẹ́ òótọ́ pàápàá, ti di àlọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn.

Odidi ọ̀rọ̀ ni pé kí òbí bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ibi tí yóò bá ara rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Bí ife bá kàn ọ́, kí ni wàá sọ? Kí ọmọ ti wá èsì náà nílé, nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jáde. Òbí tó gbọ́n a máa yá ọmọ ní orúkọ ara rẹ̀, kí ọmọ lè sọ láìtijú pé, “Ìyá mi máa ń gbóòórùn ẹnu mi tí mo bá wọlé.” Kò burú kí ẹgbẹ́ ọmọ máa pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní òǹrorò. Wọ́n sì lè jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ yóò fi ránṣẹ́ sílé, tí ẹlòmíràn kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ wá gbé mi ni.

Àwọn òbí kan gbà pé ṣíṣọ́ ọmọ àti títú fóònù rẹ̀ ni ààbò. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí méjì, Håkan Stattin àti Margaret Kerr, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ọdún 14 tí iye wọn jẹ́ 703 pẹ̀lú àwọn òbí wọn ní Sweden, èsì wọn ní ọdún 2000 sì fi hàn pé ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ni òbí ti ń mọ púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí òbí mọ̀ nípa ọmọ, ju òfin àti ìṣọ́ lọ. Èyí kò sọ pé kí òbí jọ̀wọ́ ìjánu. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, irú òbí bẹ́ẹ̀ gan-an, tó le ṣùgbọ́n tó ń ṣàlàyé, ni Diana Baumrind, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì California, gbà ní àárín àwọn ọdún 1960 pé ó sàn jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó gba ìgbájú lórí rẹ̀, kò ní sọ ẹ̀kejì.

Nítorí náà, òbí tí fóònù rẹ̀ bá dún ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ọmọ rẹ̀ sì ní kí wọ́n wá gbé òun níbi tí kò yẹ kí ó wà, kí ó kọ́kọ́ lọ gbé e. Ìbéèrè lè dúró di òwúrọ̀.